Ẹni Tí Ó Ka Àìsàn Àdúgbò, Gbèsè Wo Ni Ó Jẹ?

  Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún wa lọ́tẹ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn.

Nígbà tí obìnrin kan bá ń ṣàìsàn ní ìgbà gbogbo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà kò sì yé wúkọ́, a máa ń yára sọ pé ara wọn ni kò le, tàbí pé ìyá náà kò mọ ìmọ́tótó tó. Ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè pé: àdúgbò wo ni ó ń gbé? Níbo ni ó ti ń pọnmi? Ènìyàn mélòó ni ó ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lóde òní, ní àwọn ìlú ńláńlá, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa béèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀, kí a lè mọ àdúgbò tí ó ń sọ àwọn ará ibẹ̀ di aláìsàn. Pé iṣẹ́ náà dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: ẹni tí ó bá wọ àdúgbò àwọn ènìyàn, tí ó ka àìsàn wọn, tí ó yọjú wo gọ́tà wọn àti kànga wọn, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ nínú ìwé, ǹjẹ́ ó jẹ wọ́n ní gbèsè kankan? Bí ó bá sì jẹ wọ́n, kí ni gbèsè náà?

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, réjísítà tí a fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní àràárọ̀ sì ni ó kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, àmì àwọn tí kò wá máa ń pọ̀ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ bákan náà fún gbogbo kíláàsì. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ létí odò ni ó máa ń sọnù jù: ibà lónìí, ìgbẹ́ gbuuru lọ́la. Àwọn tí ó ń ti orí òkè wá kì í sábà pa ilé ìwé jẹ. Ọmọ ọlọ́gbọ́n wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀lẹ wà ní òkè. Ìyá tí ó mọ́ tónítóní wà ní ìsàlẹ̀, ìyá tí kò bìkítà wà ní òkè. Réjísítà kò mọ ìyẹn. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ó mọ̀.

Ìtàn tí àwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ jù lórí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Broad Street, ní àdúgbò Soho. Ẹ má ṣe gbé e pọ̀ mọ́ Broad Street ti Èkó; a ó dé Èkó láìpẹ́. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti pa ju 500 ènìyàn lọ ní ìwọ̀nba àwọn òpópónà tí ó yí ibẹ̀ ká. Afẹ́fẹ́ tí ó ń rùn ni ọ̀pọ̀ dókítà gbà nígbà náà pé ó ń fa àrùn náà, àwọn mìíràn sì ń di ẹ̀bi ru àwọn tálákà pé ọ̀bùn àti ọ̀mùtí ni wọ́n. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow ní tirẹ̀ rò pé omi ni. Ó lọ gba orúkọ àwọn tí ó kú lọ́dọ̀ ìjọba, ó ń bi àwọn ará ilé wọn léèrè, ó sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń pọnmi níbi ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí ó wà ní Broad Street yìí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Snow ni bí ó ṣe wá àwọn tí kò kú. Ilé kan wà nítòsí tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, ènìyàn 535 ni ó ń gbé inú rẹ̀. 5 péré ni onígbáméjì pa níbẹ̀, nítorí ilé náà ní kànga tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ bíà kan wà ní òpópónà náà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 70, ẹnì kan kò sì kú nínú wọn. Bíà ni wọ́n ń mu níbẹ̀, wọn kò débi ẹ̀rọ omi yẹn. (Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ nínú ìpàdé pé mo ní bíà dára o.) Obìnrin opó kan tún wà ní Hampstead, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Soho, kò sì sí onígbáméjì kankan ní àdúgbò rẹ̀, síbẹ̀ àrùn náà pa á. Ọmọ rẹ̀ ni ó ṣàlàyé: ìyá náà ti gbé ní Broad Street rí, ó fẹ́ràn adùn omi ibẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé ìgò kan wá fún un lójoojúmọ́. Ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tí ó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sí ilé rẹ̀ ní Islington, ó sì kú.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kúrò. Snow fúnra rẹ̀ kò purọ́ pé yíyọ yẹn nìkan ni ó dá àrùn dúró. Ó ní ó ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí àwọn ènìyàn ti sá kúrò ní àdúgbò.

Ẹlòmíràn wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà dárúkọ. Henry Whitehead ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà kékeré ní ìjọ Áńgílíkà tí ó wà ní àdúgbò náà, kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́ rárá, ó sì dìde láti wádìí kí ó lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní tí Snow kò ní ni pé ó mọ àwọn ènìyàn náà. Ó ti jókòó ti àwọn aláìsàn wọn, ó ti bá wọn sunkún. Ó lè padà sí ilé kan léraléra títí ẹni tí ó gbàgbé yóò fi rántí. Kì í ṣe nípa àwọn òkú nìkan ni ó béèrè, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yè pẹ̀lú pé omi wo ni wọ́n mu. Bí ó ti ń béèrè ni ó ń rí i pé òótọ́ ni Snow ń sọ, kò sì tijú láti gbà bẹ́ẹ̀.

Òun náà ni ó rí ibi tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ojúlé 40, Broad Street, ọmọ ọwọ́ kan ti ń yàgbẹ́ gbuuru kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìyá rẹ̀ ń fọ ìlédìí rẹ̀, ó sì ń da omi rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí tí ó wà níwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò ní ọdún 1855, wọ́n rí i pé kòtò náà kò jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí kànga tí ẹ̀rọ omi ń fà, àti pé bíríkì rẹ̀ ti jẹrà, ìdọ̀tí sì ń jò kọjá sínú omi.

Ẹ ro ti ìyá yìí wò. Kí ni ó ṣe? Ó fọ ìlédìí ọmọ rẹ̀, ohun tí gbogbo wa ti ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Bí kò bá sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, kò bá kú sí orí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ọ̀bùn ni wọ́n. Mo sì tún ń bi ara mi pé: ta ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tí ó bá mọ̀ ni.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn wólé-wólé tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà bí tèmi á rántí wọn pẹ̀lú aṣọ kakí wọn, ìwé àti gègé lọ́wọ́. Wọ́n á ṣí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, wọ́n á yí ẹ̀yìn ilé ìdáná ká, wọ́n á wo gọ́tà. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ wọn ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà láàyè lónìí nítorí àmù tí wọ́n ní kí a dà nù. Ṣùgbọ́n kí ni a máa ń ṣe bí a bá gbọ́ pé wólé-wólé ń bọ̀? Àwọn ọmọdé á sáré ṣáájú láti kéde. A ó da omi nù, a ó ti ilẹ̀kùn yàrá tí aláìsàn wà, a ó gbé ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí pamọ́ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí wọ́n ti wo ilé tirẹ̀ tán. Ìdí rẹ̀ ni pé kóòtù àti owó ìtanràn ni ohun tí wọ́n bá kọ máa ń já sí. Nítorí náà, kì í ṣe àdúgbò wa ni wọ́n kà. Àdúgbò tí a tò fún ojú wọn ni wọ́n kà.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà ju owó ìtanràn lọ. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba amúnisìn wo bí àwọn ilé ṣe há mọ́ra, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú ṣe. Oko-Àwo wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ wó. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n kó kúrò.

Kí a sọ òtítọ́, ilé Sùúrùlérè dára. Omi wà níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé ìwọ̀n lé àdúgbò méjèèjì, Sùúrùlérè ni yóò gba ipò kìn-ín-ní. Ọkùnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris wá lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ bí nǹkan ṣe rí fún wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ohun tí ó gbọ́ kò dùn. Àwọn oníṣòwò sọ oníbàárà wọn nù, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí a máa ń rí lójoojúmọ́ di ẹni tí a ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé mìíràn tú ká nítorí ọkọ kò lè gbọ́ bùkátà ibẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó kàn ń bú ìjọba. Àwọn tí ó wọn Èkó kò purọ́. Yàrá náà há lóòótọ́, fèrèsé kò sí, ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé sì ilé kò ju kí ènìyàn méjì fẹ̀gbẹ́ kọjá. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n ka ohun tí ó ń pa wá, wọn kò ka ohun tí ó ń mú wa yè. Ta ni ó ń gbé ọmọ dání bí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọjà? Ta ni yóò gbọ́ bí ìyá àgbà bá ṣubú lóru? Ilé oníyàrá ẹlẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ibẹ̀ ni aládùúgbò ti ń mọ̀ pé o kò tí ì jáde láti àárọ̀. N kò sọ pé kí a máa gbé inú ìhá o. Mo ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ wọn ìlera àdúgbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kí ni ó yẹ kí ẹ wọ̀n.

Lónìí, UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé, ní ohun márùn-ún tí ó ń wò: omi tí ó ṣe é mu, ilé ìyàgbẹ́ tí ó dára, yàrá tí ènìyàn kò ju mẹ́ta lọ nínú rẹ̀, ilé tí ó dúró gbọn-in, àti ìdánilójú pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣàdédé lé ọ jáde. Inú mi dùn sí ìkarùn-ún yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá katakátá ń bọ̀ lọ́la kò lè sùn, ẹni tí kò sì sùn kò ní ìlera. Ẹ rántí Màrókò ní oṣù keje ọdún 1990: ọjọ́ 7 ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ láti kó ẹrù wọn, àwọn tí a fojú bù sí 300,000 ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó mú kí n kọ ìwé yìí kò ju ọdún díẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ ìtàn ìyá kan àti ọmọ rẹ̀. Lewisham ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, apá ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ọmọ tàbí àbúrò sí. Ella Adoo-Kissi-Debrah ni orúkọ ọmọ náà. Ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní South Circular, tí ọkọ̀ ń gbà tọ̀sán-tòru. Ikọ́ fée mú ọmọ yìí lójijì. Láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní nǹkan bí ìgbà 30. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2013, ọmọ ọdún 9 ni.

Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ̀rọ kan wà ní Catford nítòsí wọn tí ìjọba fi ń wọn èéfín inú afẹ́fẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Stephen Holgate, gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ọjọ́ tí wọ́n gbé Ella lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì rí i pé wọ́n bá ara wọn mu. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tí ó pa ọmọ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ikú rẹ̀. Kò tí ì ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ náà tún sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé: pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ìyá yìí pé èéfín lè mú ikọ́ fée burú sí i, àti pé bí wọ́n bá ti sọ fún un ni, ó ṣeé ṣe kí ó ṣe ohun tí ọmọ náà kò fi ní kú.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo alẹ́ tí ìyá náà ń gbé ọmọ rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà náà wà níbì kan. Kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni aláta àti onífọ̀ṣọ̀ fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe, pé iṣẹ́ ìjọba àti dókítà ni, pé bí a bá sọ fún gbogbo ayé ìjayà á pọ̀. Èmi kò gbà. Ara wa ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà náà: ikọ́ wa, ibà wa, ọmọ wa tí kò wá sí ilé ìwé. Ẹni tí ó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, tí ó sì rí i pé iná wà lórí òrùlé rẹ̀, tí kò sọ fún un, ó ju pé kò ṣe oore lọ. Ó jẹ gbèsè kò san. Kódà bí kò bá ní agbára láti pa iná, ó ní ẹnu. Ibi tí mo fi gbèsè náà sí nìyẹn: kí ìdáhùn padà wá sọ́dọ̀ àwọn tí a bi, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó tó dé ibòmíràn.

Ti obìnrin tí ó purọ́ fún akaye nítorí kí wọ́n má baà wó ilé rẹ̀ ńkọ́? N kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí ó fi ìbẹ̀rù béèrè ni ó kọ́ ọ ní irọ́. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ ni èyí tí a ń fi pamọ́ fún ara wa.

Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń sọ pé kí ṣaláńgá tàbí sókàwéè jìnnà sí kànga tó nǹkan bíi mítà 30. Ẹ̀yin mélòó ni ó ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n rí ní ilé tí ẹ ń gbé? Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ìyá méjì kan láìpẹ́, pé bí a bá wọ̀n ọ́n tí a sì rí i pé ti ilé kan kò ju mítà mẹ́wàá lọ ńkọ́. Ọ̀kan ní ilé onílé ni, bí òun bá sọ ọ́, onílé á ní òun ń bà á lórúkọ jẹ́, owó ilé á gbẹ́nu sókè tàbí kí ó lé òun jáde, òun sì ní ọmọ mẹ́rin. Èkejì ní a gbọ́dọ̀ lọ pe wólé-wólé lójú ẹsẹ̀. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, àríyànjiyàn náà sì gùn débi pé oúnjẹ tútù. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó dárúkọ àwọn tí èmi rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bá, kí a tó lọ bá onílé, kí a tó lọ bá ìjọba: àwọn tí yóò gbé korobá lọ sí kànga náà ní ìdájí ọ̀la.